Ọdún Tí Bàbá Mi Kò Jẹ Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa

Ìgbálẹ̀ ló máa ń jí mi nílé wa ní Ọ̀rà, kì í ṣe àkùkọ. Ìyá Àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, kì í fẹ́ kí oòrùn yọ bá ìdọ̀tí lójúde rẹ̀, nítorí náà kí ojú tó mọ́ tán ni èmi àti Dúpẹ́ ti máa ń bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, tí a ó máa gbá ewé àgbálùmọ̀ jọ láti ẹnu ọ̀nà kan dé òmíràn. Ọmọ àbúrò bàbá mi ni Dúpẹ́. Ọdún kan náà ni wọ́n bí wa, inú agbo ilé kan náà la sì ń gbé: iyàrá tiwa wà lọ́wọ́ ọ̀tún, tiwọn wà lọ́wọ́ òsì, ti Ìyá Àgbà wà láàárín, ó kọjú sí ọ̀nà. Nígbà tí a bá fi máa gbálẹ̀ tán, Màámi á ti máa ha ìdí ìkòkò àná, ewúrẹ́ á ti máa fi ìwo kan ilẹ̀kùn, bàbá mi á wá pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Àdúrà òwúrọ̀ ti yá nìyẹn. Orí ẹní la máa ń jókòó sí. A ó kọ orin kan, bàbá mi á ka Bíbélì díẹ̀, lẹ́yìn náà a ó gba Àdúrà Olúwa. Òun ló máa ń ṣáájú. Ohùn rẹ̀ kì í ròkè, ó kàn máa ń lọ síwá sẹ́yìn bí ọmọ ọlọ. Ní ọdún tí mò ń sọ yìí, mo ṣàkíyèsí pé bí a bá ti dé ibi tí a ti ń bẹ Ọlọ́run pé kí ó dárí jì wá, bí àwa náà ṣe ń dárí ji ẹlòmíràn, ohùn yẹn á dákẹ́. Ti Màámi á máa lọ, tèmi á máa lọ, tirẹ̀ á dúró sẹ́yìn, á tún bá wa níwájú, níbi tí a ti ń sọ̀rọ̀ ìdánwò. Mo kọ́kọ́ rò pé ikọ́ ló ń gbé e. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí, ohun tí ọmọ ọdún mẹ́wàá mọ̀ kò ju kí ó máa ka ohun tó rí lọ.

Ní ọdún tó ṣáájú rẹ̀ ni àbúrò mi kú. Olúwaṣeun lorúkọ rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́rin ni, ọmọ tó máa ń sùn pẹ̀lú ẹsẹ̀ lórí ikùn mi. Ibà mú un lóru, nígbà tó fi di ìyálẹ̀ta gìrì ti gbé e. Nọ́ọ̀sì tó wà ní Ọ̀rà nígbà náà wò ó, ó ní kí wọ́n máa gbé e lọ sí ọsibítù ní Ìlá láìjáfara. Kì í ṣe ọjọ́ ọjà, kò sí ọkọ̀. Alùpùpù kan ṣoṣo ló wà nínú agbo ilé wa, ti bàbá Dúpẹ́ ni, pupa, ó máa ń fi àpò kòkó bò ó lábẹ́ ọ̀ọ̀dẹ̀. Bàbá mi sáré lọ bá a. Mo wà níbẹ̀. Bàbá Dúpẹ́ dúró lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, orógbó wà lẹ́nu rẹ̀, ó ní, "Táyà ẹ̀yìn ti jò." Bàbá mi wò ó, ó wo alùpùpù náà, ó yí padà. Ó fi ìró Màámi pọn Ṣeun sẹ́yìn bí obìnrin ṣe ń pọnmọ, ó sì gba ọ̀nà Ìlá lọ, Màámi ń tẹ̀ lé e. Wọ́n ti rìn jìnnà kí ọkọ̀ tó kó pákó tó gbé wọn. Ṣeun kò dé ọsibítù. Ní ọjọ́ kejì, lẹ́yìn tí wọ́n sin ín, gbogbo wa jókòó sójúde, a gbọ́ alùpùpù láti ọ̀nà Òkè-Ìlá. Bàbá Dúpẹ́ ló ń gùn ún bọ̀. Táyà ẹ̀yìn le kankan. Bàbá mi wò ó títí ó fi gbé e dúró, ó sì dìde wọlé. Èmi àti Dúpẹ́ kò bá ara wa gbálẹ̀ mọ́ fún ìgbà díẹ̀. Kò sẹ́ni tó ní ká má ṣe é, a kàn ń jí ní wákàtí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni.

Alágbà ìjọ ni bàbá mi. Ìjọ wa kò tóbi, ilé alámọ̀ tí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ lára ni, irin táyà ọkọ̀ tí a so mọ́ igi ni agogo wa. Ní Ọjọ́ Ìsinmi àkọ́kọ́ nínú oṣù, bàbá mi ló máa ń gbé àwo búrẹ́dì yí ká níbi Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa, Màámi ló sì ń fọ aṣọ funfun tí wọ́n ń tẹ́ sórí tábìlì náà. Ọjọ́ Sátidé ló máa ń fọ̀ ọ́, á fi sítáṣì sí i, á sá a sórí okùn níbi tí eruku kò ti ní dé, á sì jókòó tì í bí ẹni ń ṣọ́ ọmọ. Ní Ọjọ́ Ìsinmi àkọ́kọ́ ọdún náà, Pásítọ̀ gbàdúrà tán, ó na àwo sí bàbá mi. Bàbá mi kò gbà á. Ó sọ ohun kan sí Pásítọ̀ létí, ó sọ̀ kalẹ̀ láti iwájú, ó gba àárín ìjọ kọjá, ó lọ jókòó sórí ìjókòó tó kẹ́yìn pátápátá, níbi tí àwọn ìyá ọlọ́mọ máa ń wà. Nígbà tí búrẹ́dì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó tẹrí ba, ó jẹ́ kí ó kọjá. Màámi wà nínú ẹgbẹ́ obìnrin níwájú. Ó mú tirẹ̀, ó jẹ ẹ́. Kò bojú wẹ̀yìn.

Ẹnu kò kúrò lára wa láti ọjọ́ náà. Ní Ọ̀rà, bí ènìyàn bá ń kọ Oúnjẹ Olúwa, ohun méjì ni wọ́n máa ń rò: ó ti fẹ́ ìyàwó kejì, tàbí ó ti wọ ẹgbẹ́ tí kò yẹ. Wọ́n ní obìnrin náà wà ní Ire. Obìnrin kan tilẹ̀ bi mí lọ́nà odò bóyá bàbá mi máa ń sùn nílé. Mo délé, mo sọ fún Màámi. Ó ń bó obì lọ́wọ́, ọwọ́ rẹ̀ kò dúró. Ó ní, "Tó bá tún bi ọ́, sọ pé kó wá bi mí." Àwọn àgbà ìdílé wá bá Ìyá Àgbà láti pẹ̀tù sọ́rọ̀ náà. Wọ́n jókòó, wọ́n jẹ obì, wọ́n wá sọ èyí tí gbogbo ayé máa ń sọ, pé ahọ́n àti eyín a máa jà, wọn a sì parí rẹ̀. Ìyá Àgbà, Ìgbómìnà paraku tí kì í yí ohùn rẹ̀ padà fún ẹnikẹ́ni, gbọ́ wọn jálẹ̀. Ó ní, "Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ahọ́n kò pa ọmọ eyín rí." Wọ́n kó fìlà wọn, wọ́n lọ. Síbẹ̀, òun náà ló bí bàbá Dúpẹ́. Màámi ń gbé oúnjẹ fún Ìyá Àgbà, ìyá Dúpẹ́ náà ń gbé e fún un. Ó máa ń da ọbẹ̀ méjèèjì pọ̀ sínú àwo kan, á fi jẹ iyán rẹ̀ lójúde níbi tí gbogbo wa ti lè rí i. Mo bi í léèrè bóyá ó dùn bẹ́ẹ̀. Ó ní, "Kò dùn. Ṣùgbọ́n ikùn kan ṣoṣo ni mo ní."

Ọ̀dọ́mọkùnrin ni Pásítọ̀, kò tíì pẹ́ tí wọ́n rán an wá sọ́dọ̀ wa. Ó wá sílé wa ní ìrọ̀lẹ́ kan nígbà tí oṣù kẹta ń lọ sópin. Bàbá mi ń pọ́n àdá lábẹ́ igi àgbálùmọ̀, ó gbé àpótí fún un, èmi sì bu omi wá.

Pásítọ̀ ní, "Bàbá, ìjọ ń bi mí. Mi ò mọ ohun tí n ó sọ fún wọn."

"Ẹ sọ òtítọ́ fún wọn," ni bàbá mi wí. "Ẹ ní mo ní ẹnì kan sínú."

"Ẹ sọ pé ẹ ti dárí jì í, ẹ̀yin náà. Ọlọ́run kò ní ká dúró di ìgbà tó bá wù wá ká tó dárí jini. Àṣẹ ni."

"Mo mọ̀ pé àṣẹ ni, ìdí nìyẹn tí mo fi kúrò níwájú. Tó bá jẹ́ pé ohun tó wù mí ni, ǹ bá ti jókòó síbẹ̀." Ó fi àtàǹpàkò tọ́ ẹnu àdá náà wò. "Ní òru, Pásítọ̀, mo máa ń rí i bí ó ṣe dúró. Mo máa ń fẹ́ kí ohun kan ṣe é. Mi ò lè fi ẹnu tí mo fi ń fẹ́ bẹ́ẹ̀ jẹ búrẹ́dì yẹn, kí n sì máa wo yín lójú."

"Ẹ ó wá máa bá a lọ báyìí títí di ìgbà wo?"

"Mi ò mọ̀. Ẹ jẹ́ kí n débẹ̀ kí n tó sọ pé mo ti dé."

Pásítọ̀ mu omi rẹ̀ tán. Ó ní, "Ta ni yóò wá máa gbá ilé Ọlọ́run ní Sátidé?" nítorí pé bàbá mi náà ló ń ṣe èyí pẹ̀lú. Bàbá mi wò ó bí ẹni tí ọ̀rọ̀ náà yà lẹ́nu. "Èmi ni o. Ṣé mo ní mo ń bínú sí Ọlọ́run ni?"

Bẹ́ẹ̀ ló sì rí. Jálẹ̀ ọdún náà, kò pa ìsìn kan jẹ. Àwọn ọmọdé tó ń ké, àwọn ìyá tó ń fún wọn lọ́mú, àárín wọn ló jókòó sí, ó ń kọrin. Ní Sátidé á gbá ilẹ̀, á gé koríko ẹ̀gbẹ́ ilé, á nu ìjókòó kọ̀ọ̀kan. Nígbà mìíràn mo máa ń bá a lọ. Ó máa ń dé ibi tábìlì náà, á nù ún tọ́wọ́tọ́wọ́, á sì gba ibòmíràn lọ. Nísinsìnyí tí mo ti dàgbà, tí mo ti rí ọ̀pọ̀ ènìyàn tó ń jẹ́jẹ̀ẹ́ fún Ọlọ́run níwájú gbohùngbohùn, tí wọ́n ń na ọwọ́ sókè tí omijé ń bọ́, mi ò fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Èmi náà ti na ọwọ́ sókè rí. Ṣùgbọ́n bí ẹnikẹ́ni bá bi mí bí ẹ̀sìn ṣe máa ń rí nígbà tí kò sí ẹ̀tàn nínú rẹ̀, ẹ̀yìn bàbá mi ni mo máa ń rí, tó bẹ̀rẹ̀, tó ń nu tábìlì tí kò lè jẹun lórí rẹ̀. Ó gbìyànjú pẹ̀lú. Mo rí i lẹ́ẹ̀mẹta tó dìde lórí ìjókòó rẹ̀, tó sọdá ojúde lọ sọ́dọ̀ àbúrò rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan, ìdajì ọ̀nà ló dé. Ẹ̀ẹ̀kejì, ó dé ẹnu ọ̀nà, ó dúró, ó yà sí ibi tí wọ́n ń sá kòkó sí, ó bẹ̀rẹ̀ sí fi ẹsẹ̀ tú u bí ẹni pé ohun tó bá wá nìyẹn. Ẹ̀ẹ̀kẹta, bàbá Dúpẹ́ jáde, ojú wọn kò, bàbá mi ní, "Bá mi wá òkúta ìpọ́nàdá." Àbúrò rẹ̀ gbé e fún un. Ó gbà á, ó padà wálé. Òkúta tirẹ̀ wà lábẹ́ ìjókòó.

Ìjì ló kó wọn pa pọ̀. Nígbà tí òjò ń padà bọ̀ lẹ́yìn ìdákẹ́jẹ́ oṣù kẹjọ, atẹ́gùn kan jà ní ìrọ̀lẹ́, ó ṣí páànù ìdajì ilé Ìyá Àgbà, ó sì gbé e lọ sínú oko kókò aládùúgbò. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì Ìyá Àgbà pe àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì. Kò gbà wọ́n nímọ̀ràn kankan. Ó ní, "Orí mi ń tutù. Ẹ wá bò ó." Wọ́n gbé àkàbà ti ara ògiri, wọ́n gun òkè. Ìṣó wà nínú agolo lọ́wọ́ mi nísàlẹ̀, Dúpẹ́ ń bá mi na páànù sókè, Màámi ń fọ aṣọ níwájú ilé wa. Fún bí wákàtí méjì, òòlù nìkan là ń gbọ́, àti "Mú un," àti "Sún un sọ́tùn-ún." Bàbá mi ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

Ó ní, "Jóṣúà, ó ti pẹ́ tí mo ti fẹ́ wá sọ́dọ̀ rẹ."

"Mo ń rí yín, ẹ̀gbọ́n mi."

"Kí ló dé tí o ní táyà jò?"

Bàbá Dúpẹ́ gbé òòlù sókè. Ó kan ìṣó kan tán. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀, ohùn rẹ̀ kò ju ti ọmọdé lọ. Ó ní, "Ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú ọjọ́ yẹn, ẹ lé mi kúrò nínú ẹgbẹ́ akọrin níwájú gbogbo ìjọ. Ẹ ní ẹmu ń rùn lẹ́nu mi. Ó ń rùn, mi ò sọ pé kò rùn. Ṣùgbọ́n ọmọ mi jókòó níbẹ̀. Nígbà tí ẹ wá sáré wá bá mi, mo ní ẹ kọ́kọ́ bẹ̀ mí ná. Mo rò pé ibà lásán ni. Mo ní tí ẹ bá padà wá bẹ̀ mí lẹ́ẹ̀kejì, màá gbé e jáde. Mo dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn, mo ń retí ẹsẹ̀ yín. Ẹ ò padà wá."

Òòlù dákẹ́. Mo rí ẹsẹ̀ bàbá mi lórí àkàbà, ó ń sọ̀ kalẹ̀ ní ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ó gbé òòlù sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó mú àdá, ó gba ọ̀nà oko lọ. Ọjọ́ mẹ́ta ni kò fi wálé. Inú ahéré ló ń sùn. Ìyá Àgbà sùn sórí ẹní wa, ìdajì òrùlé rẹ̀ ṣí sílẹ̀, òjò sì ń ṣú lójoojúmọ́ láìrọ̀. Bàbá Dúpẹ́ kò dá gun òrùlé náà, ó ní òun kò ní parí rẹ̀ lẹ́yìn ẹ̀gbọ́n òun. Ó kàn ń jókòó nídìí àkàbà náà. Dúpẹ́ wá bá mi lẹ́yìn ilé, ó ní, "Ṣé bàbá yín máa pa bàbá mi ni?" Mo ní mi ò mọ̀. Òtítọ́ ni mo sọ fún un.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kẹrin, bàbá mi dé. Irùngbọ̀n rẹ̀ ti hù, ìrì sì ti rin ṣòkòtò rẹ̀ dé orúnkún. Ó mu omi, ó ní, "Jóṣúà, gun òkè." Òun náà tẹ̀ lé e. Mo tún gbé agolo ìṣó. Màámi jáde wá sẹ́nu ọ̀nà, ó dúró, ó fara ti òpó.

Bàbá mi ní, "Mo fẹ́ sọ èyí tí mi ò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni. Nígbà tí o ní táyà jò, mo wo táyà náà. Kò jò. Mo rí i pé kò jò. Mo mọ̀ pé ẹ̀bẹ̀ lo ń fẹ́. Mo sì wí nínú ara mi pé alágbà ìjọ kò ní kúnlẹ̀ fún ọ̀mùtí. Ọmọ mi wà lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, gìrì gbé e, èyí ni mò ń rò." Ó mí kanlẹ̀. "Odindi ọdún ni mo fi ń sọ pé ìwọ ni mi ò lè dárí jì. Mo dárí jì ọ́, Jóṣúà. Kò tíì tán nínú mi, mi ò ní purọ́ fún ọ. Ṣùgbọ́n mo ti bẹ̀rẹ̀, mi ò sì ní padà sẹ́yìn. Ìwọ náà, dárí jì mí."

Bàbá Dúpẹ́ dojú bo páànù náà, ó ń sunkún, páànù sì ń dún lábẹ́ rẹ̀. Bàbá mi gbé ọwọ́ lé e léjìká. Wọ́n wà bẹ́ẹ̀ títí Ìyá Àgbà fi ké sí wọn láti ìsàlẹ̀ pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kan ìṣó yẹn. Òjò ń bọ̀." Mo gbójú wo ẹnu ọ̀nà wa. Màámi ti wọlé.

Ní Ọjọ́ Ìsinmi àkọ́kọ́ oṣù tó tẹ̀ lé e, bàbá mi jókòó sí ìjókòó ẹ̀yìn rẹ̀ bí ìṣe rẹ̀. Nígbà tí àwo dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì mú búrẹ́dì náà, ó jẹ ẹ́. Pásítọ̀ fẹ́ dá oyè alágbà padà fún un, kò gbà á. Ó ní kí wọ́n fi òun sílẹ̀ síbi ìgbálẹ̀, ibẹ̀ ló sì wà títí ó fi kú, ó ti lé ní ogún ọdún báyìí. Bàbá Dúpẹ́ kò di angẹ́lì. Ó mu ẹmu lẹ́yìn ìgbà náà, ó jáwọ́, ó tún mu ún, ó jáwọ́. Òun ló wẹ bàbá mi nígbà tí àìsàn dá a dùbúlẹ̀, kò jẹ́ kí ẹlòmíràn ṣe é.

Ìtàn tí mo máa ń sọ fún àwọn ọmọ mi nìyẹn, ibẹ̀ ni mo sì máa ń parí rẹ̀ sí. Ṣùgbọ́n ní ọyẹ́ tó kọjá, mo lọ láti Òṣogbo wo Màámi ní Ọ̀rà. Ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, ọwọ́ rẹ̀ sì yá síbẹ̀. A jókòó, à ń ṣẹ́ ẹ̀gúsí, ni ọ̀rọ̀ ọdún náà bọ́ sí mi lẹ́nu. Mo sọ bí bàbá mi ṣe jẹ́ olóòótọ́ tó. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Nígbà náà ni ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sí mi lọ́kàn, lẹ́yìn ogójì ọdún ó lé, pé mi ò bi í rí.

Mo ní, "Ẹ̀yin ńkọ́, Màámi? Ṣé ẹ ti dárí jì wọ́n nígbà yẹn?"

Ó ní, "Ta ni ó bi mí? Ọmọ ìyá méjì jókòó sórí òrùlé, wọ́n dárí ji ara wọn. Èmi ni mo bí Ṣeun."

Ó ṣẹ́ bí ẹ̀gúsí mẹ́rin, márùn-ún.

"Ẹnì kan ní táyà jò, ẹnì kan rí i pé kò jò. Àwọn méjèèjì ni mo ní sínú. Oṣooṣù ni mo sì ń jẹ Oúnjẹ Olúwa. Bàbá yín ní àwọn ò lè jẹ ẹ́ nígbà tí inú àwọn kò mọ́. Òtítọ́ ni wọ́n ṣe. Tèmi náà kò mọ́. Ṣùgbọ́n mi ò mọ ibòmíràn tí mo lè gbé e lọ. Màá mú búrẹ́dì náà, màá ní, Olúwa, kò tíì mọ́ o, ẹ má lé mi."

"Ìgbà wo ló wá mọ́?"

"Ọjọ́ kan, bàbá Dúpẹ́ ti oko dé, ó ní kí n fún òun lómi. Mo bu omi fún un. Mo ti padà jókòó, mo ti ń bá iṣẹ́ mi lọ, kí n tó rí i pé inú kò bí mi."

"Ó tó ọdún mélòó lẹ́yìn ti òrùlé?"

Ó fẹ́ èèpo kúrò lórí àtẹ, ó ṣírò ọdún náà nínú ara rẹ̀.

"Ọdún mọ́kànlá," ó wí, ó sì ní kí n bá òun sún igbá tó wà lẹ́yìn mi.